Bàbá Awalẹ̀ Ń Dáhùn: Ère Tó Fẹsẹ̀ Ara Rẹ̀ Rìn

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Lóṣù tó kọjá, níbi tí mo ti ń sọ̀rọ̀ lórí Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn, mo ya ẹnu sọ gbólóhùn méjì péré nípa erékùṣù kan tó ń jẹ́ Rapa Nui. Mo ní àwọn baba ńlá ibẹ̀ gbẹ́ ère òkúta tó sún mọ́ ẹgbẹ̀rún, àwọn ọmọ wọn sì ń sọ pé ṣe ni ère náà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ibi tó wà. Ni lẹ́tà bá ń tú jáde bí èsúnsún lẹ́yìn òjò. Ọ̀rọ̀ Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn tí mo fi ọjọ́ mẹ́ta kọ, ẹnì kan ṣoṣo ló bi mí nípa rẹ̀, ẹni náà sì fẹ́ mọ iye tí wọ́n ń gbà lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹni tí kò bá mọ̀ mí, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi bá àwọn awalẹ̀pìtàn ṣiṣẹ́ ní Ilé-Ifẹ̀ yìí kí n tó fẹ̀yìn tì. Lébìrà ni mo bẹ̀rẹ̀: mo ń ru yẹ̀pẹ̀, mo ń fi kọ̀ǹkọ̀sọ̀ kù ú bí ẹni ń ku èlùbọ́. Mi ò dé Rapa Nui rí. Ìwé àwọn tó walẹ̀ níbẹ̀ ni mo kà, mo sì ní ọwọ́ méjì tó mọ ilẹ̀.

Tíṣà kan, Iléṣà: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn ọmọ kíláàsì mi wo fídíò kan lórí fóònù. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ní èèyàn kọ́ ló gbẹ́ ère Rapa Nui, pé àwọn ẹ̀dá kan ló sọ̀ kalẹ̀ láti òfurufú. Kí ni kí n sọ fún wọn? Níbo gan-an sì ni ibẹ̀ wà?

Ẹ ṣeun, tíṣà. Ẹ ya àwòrán ayé sójú bọ́ọ̀dù, kẹ́ ẹ fi ṣọ́ọ̀kì tẹ àmì kékeré kan sínú Òkun Pàsífíìkì, lápá ìsàlẹ̀, níbi tó kọjú sí Gúúsù Amẹ́ríkà. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Kìlómítà bíi 24 ni gígùn erékùṣù náà láti orí dé ìdí. Ẹni tó bá ti Ifẹ̀ wọkọ̀ wá sí Iléṣà ti rìn jù ú lọ. Orílẹ̀-èdè Chile tó ń ṣàkóso rẹ̀ lónìí jìnnà sí i tó kìlómítà 3,500. Aládùúgbò tó sún mọ́ ọn jù, ìyẹn àwọn ará erékùṣù Pitcairn, nǹkan bíi kìlómítà 2,000 ni. Ẹ wo ẹni tó fẹ́ yá iyọ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò!

Èèyàn ló gbẹ́ ère náà, a sì mọ irú èèyàn tí wọ́n jẹ́. Ará Polynesia, ìyẹn àwọn erékùṣù tó fọ́n káàkiri inú Òkun Pàsífíìkì, ni wọ́n, àwọn tó ń so ọkọ̀ ojú omi méjì pọ̀ mọ́ra, tí wọ́n ń ta ìgbòkun sí i, tí wọ́n ń fi ìràwọ̀, ìgbì àti ẹyẹ mọ ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ awalẹ̀pìtàn gbà pé nǹkan bí ọdún 1200 ni wọ́n gúnlẹ̀ sí Rapa Nui. Ìtàn tiwọn ní Hotu Matu'a ni ọba tó kó wọn wá, etíkun Anakena ló sì ti bọ́ sílẹ̀. Àwa tí a gbọ́ ìtàn Odùduwà láti kékeré, irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Ẹni tó bá sì ń ṣiyèméjì nípa ọkọ̀ onígbòkun yẹn, ní 1976 Mau Piailug, ògbóǹtarìgì atukọ̀, fi irú rẹ̀ tó ń jẹ́ Hōkūle'a rìn láti Hawaii dé Tahiti láìmú ohun ìmọ̀nà kankan dání. Ní 1999, ọkọ̀ kan náà dé Rapa Nui.

Orúkọ tí àwọn òyìnbó ń pè é, Erékùṣù Àjíǹde, kò ní àdììtú nínú. Ọjọ́ Àjíǹde, ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹrin 1722, ni Jacob Roggeveen ará Netherlands tẹ ibẹ̀ dó lójú ara rẹ̀, àwọn èèyàn tó ti ń gbé ibẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún ọdún márùn-ún sì dúró létí òkun, wọ́n ń wò ó.

Ọ̀rọ̀ inú fídíò yẹn kì í ṣe tuntun létí ọmọ Ifẹ̀, tíṣà. Ní 1910, Leo Frobenius ará Jámánì dé síbí. Ó rí orí idẹ tí a ń pè ní orí Olókun, ó rí àwọn ère amọ̀. Ó wo iṣẹ́ ọwọ́, ó wo ojú wa, ó ní àwọn méjèèjì kò bára mu. Ló bá lọ kọ ọ́ pé àwọn ará Atlantis ló ni í, ìlú tí òkun gbé mì nínú àlọ́ àwọn Gíríìkì. Thor Heyerdahl ará Norway ṣe irú rẹ̀ fún Rapa Nui. Ní 1947 ó jókòó sórí igi tí wọ́n dì pọ̀, ó ti Peru léfòó lórí òkun fún ọjọ́ 101 kó lè fi hàn pé láti Gúúsù Amẹ́ríkà ni àwọn tó kọ́kọ́ gbé irú erékùṣù bẹ́ẹ̀ ti wá. Akíkanjú ni, mi ò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tún ṣe dáadáa ju Frobenius lọ, torí nígbà tó lọ sí Rapa Nui ní 1955, ó kó àwọn awalẹ̀pìtàn tó mọṣẹ́ dání, iṣẹ́ wọn sì wúlò títí dòní. Ṣùgbọ́n èdè, irúgbìn, adìẹ àti ẹ̀jẹ̀ àwọn ará ibẹ̀, ọ̀nà Polynesia ni gbogbo rẹ̀ ń tọ́ka sí. Ẹ̀jẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà wà lára wọn lóòótọ́, bí ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ó fi hàn pé ìran méjèèjì ti pàdé ṣáájú kí òyìnbó tó dé. Lójú tèmi, ẹni tó lè tukọ̀ dé Rapa Nui ló lè tukọ̀ ré kọjá rẹ̀.

Ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé ẹ̀gbẹ́ òkè kan tó ń jẹ́ Rano Raraku ni wọ́n ti ń gbẹ́ ère wọ̀nyí. Ó tó nǹkan bí 400 tó ṣì wà níbẹ̀ dòní. Òmíràn, ojú àti imú ti jáde, ọwọ́ ti jáde, ẹ̀yìn ṣì lẹ̀ mọ́ àpáta. Àáké òkúta tí wọ́n fi ń gbẹ́ ẹ sì wà nílẹ̀ káàkiri. Ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ láti òfurufú kì í gbàgbé àáké òkúta sílẹ̀.

Ọmọ girama kan, Ifẹ̀: Bàbá, ṣé orí nìkan ni wọ́n ń gbẹ́, bíi ti Ifẹ̀?

Rárá, ọmọ mi. Odindi ara ni. Yẹ̀pẹ̀ ló ń ṣàn láti orí òkè wá, tó bo àwọn tó wà ní Rano Raraku dé ọrùn, orí nìkan ló wá kù nínú fọ́tò. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ ìdí wọn, ikùn jáde, ọwọ́ jáde, ìka gígùn sì dì mọ́ ìsàlẹ̀ ìdodo. Èyí tó wọ́pọ̀ nínú wọn ga tó mítà 4, Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn fi nǹkan bíi mítà kan àti ààbọ̀ ga jù ú.

Bíríkìlà kan, Mọdákẹ́kẹ́: Bàbá, ogún ọdún ni mo ti ń gbé búlọ́ọ̀kù. Òkúta tó wọn tọ́ọ̀nù 12 kò lè rìn. Ẹ má fi wá ṣeré o.

Ọ̀gá bíríkìlà, ta ló ń gbé odó nílé yín?

Odó iyán ìyá mi, àgbàlagbà ọkùnrin kan kò lè dá a gbé. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti ṣú, èmi àti àbúrò mi, tí a kò tíì tó ọmọ ọdún mẹ́wàá, ni wọ́n máa ń ní kó mú un wọlé. Èmi á di etí odó mú lápá ọ̀tún, òun á di ti òsì mú. Mo fà á sọ́dọ̀ ara mi, ìdí rẹ̀ gbé sókè díẹ̀ lápá ọ̀dọ̀ rẹ̀, òun á tari ìhà yẹn síwájú. Òun náà fà á, èmi á tari tèmi. Gbì, gbì, gbì, títí odó á fi wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Tí ẹ bá wo ilẹ̀ lẹ́yìn wa, ipa ìdí odó á ti tò sílẹ̀ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, ọ̀kan sọ́tùn-ún, ọ̀kan sósì. A kò gbé odó rí nílé wa. Ṣe ni a ń mú un rìn.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Terry Hunt àti Carl Lipo, awalẹ̀pìtàn méjì láti Amẹ́ríkà, lọ wo àwọn ère tó ṣubú sójú ọ̀nà kí wọ́n tó dé ibi tí wọ́n ń gbé wọn lọ. Wọ́n rí i pé ìdí àwọn ti ojú ọ̀nà fẹ̀, ó rí roboto níwájú, ara wọn sì dagun síwájú débi pé bí ẹ bá gbé wọn ka orí pèpéle bẹ́ẹ̀, wọn yóò dojú bolẹ̀. Kò sí ihò ojú lórí wọn. Ìgbà tí ère bá dé orí pèpéle rẹ̀ ni wọ́n tó ń gbẹ́ ìdí rẹ̀ kó dúró ṣánṣán, ìgbà náà ni wọ́n tó ń la ojú fún un. Àwọn méjèèjì wá mọ irú ère bẹ́ẹ̀, tọ́ọ̀nù 4 àti díẹ̀. Wọ́n so okùn mẹ́ta mọ́ ọn: ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ọ̀kan lẹ́yìn tó ń dì í mú kó má dojú délẹ̀. Èèyàn 18 ló fà á. Ère rìn, ó ń mi orí bí olóyè tó mu ẹmu yó. Pavel Pavel, ẹnjiníà ará Czech, ti ṣe irú rẹ̀ ní 1986 lórí erékùṣù náà gan-an. Ìdí ère tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣán ló jẹ́ kó dáwọ́ dúró. Àwọn kan nínú awalẹ̀pìtàn ṣì takú pé orí igi ni wọ́n tẹ́ wọn sí, tí wọ́n fi wọ́ wọn. Èmi ń bẹ lẹ́yìn okùn.

Ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ó ti pẹ́ tí àwọn àgbà Rapa Nui ti sọ ọ́. Wọ́n ní ère rìn. Àwọn tó ń gbọ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí àlọ́.

Ó ṣẹlẹ̀ lójú mi nílùú yìí. Nǹkan bí ọdún 1974, a ń wá ilẹ̀ alápàáàdì ayé àtijọ́, irú èyí tí a ń sọ pé Ọọ̀ni Lúwo ló ní kí wọ́n tẹ́. Ìyá àgbàlagbà kan wà nínú agbo ilé tí a ti ń walẹ̀, tó máa ń sá ẹ̀gẹ́ sí abẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ibi tí mo ń sá ẹ̀gẹ́ sí yìí lohun tẹ́ ẹ̀ ń wá wà." Mo túmọ̀ rẹ̀ fún ọ̀gá wa. Ọ̀gá mi orí, ó padà sídìí pépà rẹ̀, ó ní ibi tí ìlà òun kọjá ni a óò gbẹ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni a fi gbẹ́ ẹ. A rí rìímù kẹ̀kẹ́ kan àti agolo òróró ẹ̀pà. Lóru ọjọ́ kẹsàn-án, òjò ńlá rọ̀. Nígbà tí a dé láàárọ̀, ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ti gbẹ́ ilẹ̀ abẹ́ ilé, àpáàdì ti yọ etí síta, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn bí eegun ẹja. Ìyá náà kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó kàn ń ṣa ẹ̀gẹ́ rẹ̀ sínú agbọ̀n.

Ìyá oníṣu kan, Ìlódè: Bàbá, ẹ ti sọ̀rọ̀ ère tó. Kí ni wọ́n ń jẹ?

Ìyá, ẹ̀yin ló yẹ kó kọ́kọ́ bi mí. Ewùrà wà níbẹ̀! Ọ̀nà Éṣíà ni ewùrà ti ṣẹ̀, àwọn ará Polynesia gbé e lọ sí apá ọ̀dọ̀ wọn, àwọn mìíràn gbé e wá sí apá ọ̀dọ̀ wa. Uhi ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ní kókò, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìrèké, wọ́n sì ní adìẹ tí wọ́n ń kọ́ ilé òkúta fún. Ọba oúnjẹ wọn ni ànàmọ́, èyí tí ẹ̀yin ń pè ní ọ̀dùnkún ní ìsọ̀ yín. Kumara lorúkọ rẹ̀ lẹ́nu wọn. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ànàmọ́ ti wá, àwọn kan lórí òkè ibẹ̀ sì ń pè é ní kumar. Ẹ ò rí i pé irúgbìn gbé orúkọ rẹ̀ dání wọkọ̀.

Ilẹ̀ wọn kò sanra, atẹ́gùn òkun tó níyọ̀ nínú ń fẹ́ lu ewé. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n fọ́ òkúta, wọ́n dà á sórí ebè. Òkúta náà ń dí ọ̀rinrin mọ́lẹ̀, ó ń ṣíji bo gbòǹgbò, ó sì ń bọ́ ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń jẹrà. Ní 2024, àwọn kan fi àwòrán tí wọ́n yà láti ojú sánmà ka irú oko olókùúta bẹ́ẹ̀, wọ́n ní ohun tó wà níbẹ̀ lè bọ́ nǹkan bí 3,000 èèyàn. Ẹ fi nọ́ńbà yẹn sọ́kàn, torí lẹ́tà tó kàn.

Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan, Ilé-Ifẹ̀: Bàbá, mo ti kà á pé àwọn ará Rapa Nui fúnra wọn ló gé igi wọn tán nítorí ère, tí wọ́n pọ̀ ju ohun tí ilẹ̀ lè bọ́ lọ, tí ebi mú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í pa ara wọn. Ṣé òótọ́ ni?

Ohun tí ìwọ kà lèmi náà kà fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo sì gbà á gbọ́. Jẹ́ kí n sọ ohun tó yí mi lọ́kàn padà.

Igi tán lóòótọ́. Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ adágún wọn ní ìyẹ̀fun òdòdó ọ̀pẹ nínú, ó pọ̀ gan-an. Erékùṣù náà ti jẹ́ igbó ọ̀pẹ rí. Wọ́n gé, wọ́n sun, wọ́n dáko. Ṣùgbọ́n àwọn awalẹ̀pìtàn rí èkùrọ́ ọ̀pẹ náà nínú ihò àpáta, eyín eku sì wà lára rẹ̀. Inú ọkọ̀ ni eku bá wọn wá. Nígbà tí mo kà á, mo gbé ìwé sílẹ̀, torí irú èkùrọ́ bẹ́ẹ̀ ti kọjá nínú kọ̀ǹkọ̀sọ̀ mi láìmọye ìgbà. Eyín eku máa ń ya ìlà tín-tìn-tín méjì-méjì létí ihò tó lu, bí ẹni fi imú abẹ́rẹ́ ha á. Erékùṣù tí kò ní ológbò, tí kò ní ejò, tí kò ní àwòdì tó ń gbé eku, eku ló jọba níbẹ̀. Ọ̀pẹ àgbà dúró títí ó fi darúgbó, ọmọ rẹ̀ kò hù.

Ti pé ebi pa wọ́n dànù nígbà náà, ẹ̀jẹ̀ ló jẹ́rìí. Ní 2024, wọ́n yẹ àbùdá eegun ará Rapa Nui 15 wò, èyí tó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Paris. Bí èèyàn bá ti tán lójijì rí, ó máa ń hàn nínú àbùdá àwọn ọmọ tó ṣẹ́ kù. Kò hàn. Díẹ̀ ni wọ́n nígbà tí wọ́n dé, wọ́n ń pọ̀ sí i ní wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí dé àárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Kò ṣẹlẹ̀ rí pé ọ̀pọ̀ ọ̀kẹ́ èèyàn kó ara wọn jẹ. Ìwọ̀nba tí oko olókùúta lè bọ́ ló ń gbé ibẹ̀.

Nígbà wo ni wọ́n wá tán? Ọdún rẹ̀ wà nílẹ̀. Ní 1862, ọkọ̀ láti Peru gúnlẹ̀, wọ́n kó èèyàn bí ẹni kó ẹran. Nǹkan bí 1,500 ni wọ́n kó lọ sóko ẹrú láàárín oṣù díẹ̀, ọba wà nínú wọn, àwọn tó mọ rongorongo kà sì wà nínú wọn. Rongorongo ni àmì tí wọ́n ń fín sára pátákó. Nǹkan bíi méjìlélógún sí mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló kù lágbàáyé, ọ̀kan kò sí nílé, ẹnì kan kò sì lè kà á lónìí. Nígbà tí ariwo pọ̀, Peru ní kí wọ́n dá àwọn tó kù padà. Ọ̀pọ̀ kú sójú omi. Ìwọ̀nba tó délé gbé ilẹ̀gbóná dé, ó sì jà láti ilé dé ilé. Ní 1877, wọ́n ka gbogbo èèyàn tó wà ní Rapa Nui: 111.

Èèyàn tó ń wá síbi ìsọmọlórúkọ kan ṣoṣo ní Ìlódè níbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní 1888 Chile gba ilẹ̀ náà, lẹ́yìn rẹ̀ wọ́n fi gbogbo erékùṣù da àgùntàn, wọ́n sé àwọn ọmọ onílẹ̀ mọ́ abúlé Hanga Roa. 1966 ni wọ́n tó kà wọ́n sí ọmọ orílẹ̀-èdè. Ìtàn àáké àti igi rọrùn láti sọ, ìwé púpọ̀ ni wọ́n sì fi tà. Ìtàn ọkọ̀ Peru kò tà tó bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Ifẹ̀ kan, London: Bàbá, ẹ kú ilé o. Mo rí ère Rapa Nui kan ní British Museum lọ́jọ́ Sátidé. Báwo ló ṣe débẹ̀?

Ẹ kú àjò o. Hoa Hakananai'a nìyẹn. Ọ̀rẹ́ tí a jí gbé ni àwọn kan túmọ̀ orúkọ yẹn sí. Ní 1868, àwọn ará ọkọ̀ ogun HMS Topaze hú u jáde nínú ilé òkúta kan ní Orongo lórí erékùṣù náà, níbi tí ilẹ̀ ti bò ó dé èjìká. Wọ́n gbé e fún Ọbabìnrin Victoria, òun náà gbé e fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ọ̀dà pupa àti funfun wà lára rẹ̀ nígbà náà. Omi òkun ló fọ̀ ọ́ nù bí wọ́n ṣe ń fà á lọ sídìí ọkọ̀. Ní 2018, Tarita Alarcón Rapu, gómìnà Rapa Nui nígbà náà, bá àwọn èèyàn rẹ̀ wá sí London láti bẹ̀bẹ̀ fún un. Ẹ ṣáà rí i níbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé.

Inú ilé yẹn kan náà ni ọ̀kan nínú àwọn orí idẹ tiwa wà, lára àwọn tí wọ́n kàn lábẹ́ ilẹ̀ ní 1938, nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ, lẹ́yìn ààfin. Ẹ yà sọ́dọ̀ rẹ̀, kẹ́ ẹ fi èdè Ifẹ̀ kí i, ó ti pẹ́ tó gbọ́ ọ gbẹ̀yìn.

Mo sì ní iṣẹ́ kan rán yín. Ẹ yí lọ sẹ́yìn Hoa Hakananai'a. Ẹ óò rí ènìyàn ẹlẹ́nu ẹyẹ méjì tó kọjú sí ara wọn. Láyé àtijọ́, lọ́dọọdún ni àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin máa ń lúwẹ̀ẹ́ láti Orongo lọ sí erékùṣù kékeré tó ń jẹ́ Motu Nui láti dúró de ẹyin àkọ́kọ́ tí ẹyẹ òkun bá yé. Ẹni tó bá rí i á dì í mọ́ iwájú orí, á lúwẹ̀ẹ́ padà, olóyè tó rán an níṣẹ́ ni yóò jẹ Ọkùnrin Ẹyẹ fún ọdún yẹn. Nítorí náà, ẹ bá mi ya ẹ̀yìn rẹ̀ ní fọ́tò. Gbogbo fọ́tò tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí mi, iwájú ni wọ́n ń yà.